Ohun tó ń di tọ́rọ́tù mú kọ́ là ń pè ní cruise control

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Alùpùpù mi ti pẹ́ díẹ̀, oníwáyà ni tọ́rọ́tù rẹ̀, ìyẹn ọwọ́ tí a ń yí láti fi kún eré. Bí mo bá rìn jìnnà, ọwọ́ ọ̀tún mi máa ń kú. Mo rí cruise control kékeré kan tí wọ́n ń tà, ohun tó yẹ kó mú alùpùpù máa sá eré kan náà láìjẹ́ pé mo di tọ́rọ́tù mú, wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré la fi ń dè é mọ́ ọwọ́ tọ́rọ́tù. Ṣé kí n rà á? Ṣé mo sì lè dè é fúnra mi?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí o. Àwọn tó ń ta ìdè tí wọ́n ń pè é ní cruise control ni. Ohun tó wà nínú páálí yẹn kò ju irin tàbí rọ́bà tó ń fún tọ́rọ́tù pinpin, kó má baà padà sẹ́yìn bí ẹ bá ju ọwọ́ sílẹ̀. Kò mọ eré tí ẹ ń sá. Kò mọ òkè, kò mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ká ní ẹ dè é níbi tó tẹ́jú, nígbà tí ẹ ń sá kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Ẹ dé ibi òkè, tọ́rọ́tù ò kúrò lójú kan, alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó di 75. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, ó ti lé ní 100, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Cruise control gidi máa ń ka eré, ó ń fi wé èyí tí ẹ yàn, ó sì ń ṣí tọ́rọ́tù tàbí kó dé e padà díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ralph Teetor, ará Amẹ́ríkà tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 5, ló gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ (patent) lórí tiẹ̀ lọ́dún 1950, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Chrysler sì fi í sínú ọkọ̀ wọn ní 1958. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ọkọ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ ó ń wọn eré. Ẹni tí kò fojú rí títì mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó ń ta ìdè ló ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ti òkè yẹn ṣì kéré. Bí yóò ṣe tú sílẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ kan bíréékì báyìí, tàbí ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, cruise control gidi á fi tọ́rọ́tù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdè ò ní tú. Ẹ ń tẹ bíréékì, ẹ́ńjìnnì ń tì yín síwájú. Ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì á figbe ta, torí ẹrù ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, tọ́rọ́tù sì ṣí sílẹ̀. Wọ́n á ní ẹ lè fi ọwọ́ yí i padà tipátipá. Lóòótọ́, èyí tó dáa nínú wọn ṣeé yí. Àmọ́ bí ẹranko bá já sójú títì, ọwọ́ ọ̀tún yín ló gbọ́dọ̀ rántí, ọwọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ó ti kú.

Ohun tí alùpùpù oníwáyà nílò ni kíìtì tó ní mọ́tò kékeré tó ń fa wáyà tọ́rọ́tù. Òmíràn ń lo iná bátìrì, òmíràn ń lo fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fa atẹ́gùn. Oníná ni kí ẹ rà. Fífà yẹn máa ń rẹlẹ̀ bí tọ́rọ́tù bá ti ṣí gan-an, ìyẹn lórí òkè níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù, àfi bí wọ́n bá fi agolo ìpamọ́ sí i.

Ẹ kíyè sí wáyà iná bíréékì dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn kíìtì yìí ń ti ara gílóòbù iná ẹ̀yìn mọ̀ pé ẹ ti tẹ bíréékì. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ gílóòbù yẹn sí LED, irú èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, kíìtì lè kọ̀ kó má ṣiṣẹ́ rárá, àfi kí wọ́n fi rílè, súìṣì kékeré tí iná ń tì, kún un. Bí wọ́n bá dè é tán, ẹ tan ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró, ẹ yí ọwọ́ alùpùpù lọ sọ́tùn-ún títí dé òpin, ẹ yí i lọ sósì bákan náà. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá fi lè ga díẹ̀, wáyà tọ́rọ́tù ti le jù. Ẹ má gùn ún kúrò níbẹ̀.

Ṣé ẹ lè dè é fúnra yín? Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń béèrè, rárá. Mi ò tíì fojú kan alùpùpù yín o, nítorí náà kí ẹni tó máa dè é wò ó kí ẹ tó ná owó. Bó bá sì dè é tán, ẹ má lò ó nínú òjò tàbí láàárín ọkọ̀ púpọ̀.

Àwọn tí tọ́rọ́tù tiwọn kò ní wáyà, tó jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tiwọn fúyẹ́. Nígbà mìíràn ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, súìṣì ló kù. Àmọ́ kí wọ́n má retí èyí tó ń fi rédà wo ọkọ̀ iwájú, irú ti alùpùpù Ducati Multistrada V4 tó jáde lọ́dún 2020. Ìyẹn ò ṣeé rà wá dè.

Ní ti ọwọ́ tó ń kú, ẹ má fún tọ́rọ́tù bí ẹni mú olè. Ẹ fi rọ́bà tó nípọn sí i, ẹ sọ bíréékì ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí ọrùn ọwọ́ yín má baà tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ sì máa dúró na ara. Bó bá ṣì ń kú nígbà tí ẹ ò sí lórí alùpùpù, dókítà lẹ ń wá, kì í ṣe èmi.