Èsì: YYZ ti sítúdíò àbí ti orí ìtàgé?

Ọ̀rẹ́ mi, o béèrè èwo nínú ẹ̀dà YYZ, orin ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Rush ti Kánádà, ló yẹ kó o kọ́kọ́ gbọ́, àti ìdí tí ti orí ìtàgé fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Ti sítúdíò ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà nínú àwo Moving Pictures, 1981. Kò tó ìṣẹ́jú 5, kò sì sí ibi tó ti falẹ̀. Fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa: gígùn, kúkúrú, gígùn, gígùn, wọ́n á tún ìyẹn lù lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà gígùn, gígùn, kúkúrú, kúkúrú. Y, Y, Z nìyẹn ní kóòdù Morse, tí wọ́n ń fi ìró gígùn àti kúkúrú dúró fún lẹ́tà; YYZ sì ni àmì ìdánimọ̀ pápákọ̀ òfurufú Toronto. Wàá gbọ́ gìtá béèsì Geddy Lee lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, ketekete.

Ti Exit... Stage Left, àwo orí ìtàgé wọn tó jáde lọ́dún kan náà, lé ní ìṣẹ́jú 7 torí pé Neil Peart dá ìlù lù láàárín rẹ̀. Ká sòótọ́, bí ìlù ò bá fi bẹ́ẹ̀ wù ọ́, ibẹ̀ lè sú ọ. Èmi ò jẹ́ fò ó.

Àmọ́ èyí tó wù mí jù ni ti àwo orí ìtàgé Rush in Rio, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní pápá ìṣeré Maracanã ní Bràsíl lọ́dún 2002. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, síbẹ̀ àwọn ará Bràsíl ń fi ẹnu kọ ohun tí gìtá ń sọ, tọkàntọkàn! Ohùn rẹ̀ ò dán tó ti sítúdíò o, ariwo èrò bo àwọn ibì kan mọ́lẹ̀. Má wò yẹn, ṣáà yí i sókè.