Àárọ̀ kùtù ni màmá mi ń lo oògùn fọ́sífétì wọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ń ṣe dáyálísísì (kí ẹ̀rọ máa bá kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀) lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ara ń yún wọn lóru, wọ́n ti họ ẹ̀yìn wọn títí ó fi di egbò. Dókítà ní fọ́sífétì, èròjà inú oúnjẹ kan, ti dé 7.2 nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n wá kọ calcium fún wọn. Oṣù méjì rèé tí wọ́n ti ń lò ó bí wọ́n bá ṣe ń jí, fọ́sífétì ò wálẹ̀. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún wa ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹni tó ta oògùn jà, "bí wọ́n bá ṣe ń jí" tẹ́ ẹ kọ yẹn ló jọ mí lójú. Calcium yẹn, kì í ṣe torí eegun ni wọ́n ṣe kọ ọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbá fọ́sífétì inú oúnjẹ mú nínú ikùn, kí wọ́n jọ bá ìgbẹ́ jáde, kó má ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Tí ikùn bá wá ṣófo, kí ló fẹ́ gbá mú? Àárín oúnjẹ ni kí wọ́n máa lò ó, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ ti ń fọ abọ́.

Kíndìnrín ló máa ń gba inú ìtọ̀ da fọ́sífétì tó bá pọ̀ jù nù. Tó bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ó di kí fọ́sífétì máa ṣẹ́ jọ, dáyálísísì ò sì lè fọ gbogbo ẹ̀. Àgbàlagbà, 2.5 sí 4.5 ló yẹ kó wà. Ara yíyún yẹn wà lára ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pé fọ́sífétì máa ń bá calcium para pọ̀, kó lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, kó le gbagidi bí ẹfun.

Mínírà dúdú, sọ́séèjì, ẹran inú agolo, ẹ kó gbogbo ẹ̀ kúrò nílé, torí fọ́sífétì tí wọ́n fi sí i níléeṣẹ́, ara máa ń fà á mu ju ti inú ẹ̀wà lọ dáadáa. Ẹran ní tiẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ da omi ẹ̀ nù (mo mọ̀ pé omi ẹran yẹn ladùn ọbẹ̀, ó dun èmi náà). Mùdùnmúdùn inú eegun ńkọ́? Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Tí wọ́n bá tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo calcium àti PTH (họ́mónù tó ń darí calcium nínú ara) pọ̀ mọ́ ọn. Tí calcium bá ti ga jù, wọ́n lè yí i sí sevelamer, oògùn mìíràn tó ń gbá fọ́sífétì mú tí kò ní calcium nínú, ó wọ́n díẹ̀ o. Ẹ sì sọ fún dókítà pé inú òfo ni wọ́n ti ń lò ó látẹ̀yìn wá, kó má baà rò pé oògùn ò tó, kó wá fi kún un.