Kí ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n bá ní, "Àpárá lò ń dá"?

Ìbéèrè: Ẹbí ń ṣèpàdé lórí ìgbéyàwó kan tó fẹ́ tú ká, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Àpárá lò ń dá." Ṣé èébú ni?

Ìdáhùn: Ìbáwí ni. Ohun tí bàbá ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ lè dùn níbòmíràn, àmọ́ kò bá ibi tí o gbé e sí mu.

Àpárá fúnra rẹ̀ ò burú. Lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ayò, kí o gbọ́ bí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, ṣe ń fi òpè tí kò mọ̀ ọ́n ta ṣẹ̀fẹ̀: á ní kó lọ pe ìyàwó rẹ̀ wá, bóyá ìyẹn á lè gbà á sílẹ̀. Òpè náà á rẹ́rìn-ín, torí eré là ń fọmọ ayò ṣe. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìyàwó ọkùnrin yẹn ti kó ẹrù jáde nílé lánàá, kí ọ̀ta tún sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Ìyẹn làwọn àgbà rí tí wọ́n fi ní ìjà ló dé, lorin dòwe.

Ìgbà yẹn ni àpárá ń di yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń dá àpárá lè má ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Yẹ̀yẹ́ ní tirẹ̀ ní ẹni tí wọ́n ń fi ṣe é, ẹni tí inú rẹ̀ bá sì ti bàjẹ́ kì í pẹ́ rò pé òun ni.

Níbi òkú ló ti hàn jù. Bí arúgbó bá kú, ìnáwó ni: wọ́n á lùlù, àwọn ìyàwó ilé á kọrin tó ń panilẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, ọ̀fọ̀ nìyẹn, "Ẹ kú àràfẹ́rakù" ti tó. Ẹni tó bá dá àpárá níbẹ̀, wọn ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Àwọn kan wà tí àṣà fún láyè o. Ní ìlú Kétu àti lọ́dọ̀ àwọn Yewa, Ẹ̀fẹ̀, akọrin tó ń gbé agọ̀, á jáde lóru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á fi orin tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ láàárín ọjà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Òru yẹn nìkan ni, ẹnu rẹ̀ nìkan sì ni. Ìpàdé ẹbí yín kì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹkún ló ni ẹ̀rín ọ̀hún. Bí òun bá kọ́kọ́ rín in, o lè bá a rín díẹ̀.

Ní ti bàbá, má lọ sọ fún wọn pé "eré ni mò ń ṣe o", àpárá kejì nìyẹn. Dọ̀bálẹ̀ bí o bá jẹ́ ọkùnrin, kúnlẹ̀ bí o bá jẹ́ obìnrin, kí o ní, "Ẹ má bínú sí mi, sà." Lẹ́yìn náà, lọ rí tọkọtaya yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.