Ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ tó wọ àkọsílẹ̀ kernel ti wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ patch (àtúnṣe kóòdù) kékeré kan fún kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ: bí ẹnikẹ́ni bá ṣí fáìlì kan, orúkọ fáìlì náà yóò wọ inú àkọsílẹ̀ audit, níbi tí kernel ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ àti ẹni tó ṣe é sí. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti lò ó, ó ṣiṣẹ́, orúkọ sì jáde. Kí ló tún kù tí mo gbọ́dọ̀ wò?
A.O., Lágere, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó fọwọ́ sí i. Pé ó ṣiṣẹ́ kò tíì tó. Èmi tí mò ń bójú tó sáfà níbí ní Iléṣà, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ tán ni mo máa ń ṣí àkọsílẹ̀ audit, tí mò ń wá ẹni tó ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé: ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ṣé ẹni náà ò lè fi í purọ́ fún mi?

Wo ìlà tó ń kọ orúkọ fáìlì. Bó bá jẹ́ function audit_log_format pẹ̀lú %s, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà gan-an, ló lò, dá patch náà padà fún un. Lórí Linux, àmì / àti báìtì òdo nìkan ni kò gbọdọ̀ sí nínú orúkọ fáìlì. Ẹni tó bá sọ fáìlì rẹ̀ ní «ìwé auid=0» ti ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bọ kernel lẹ́nu. Auid yẹn, nọ́ńbà aṣàmúlò (0 ni ti root, ọ̀gá ẹ̀rọ), ni a sì fi ń mọ ẹni tó wọlé gan-an, bó tilẹ̀ lo sudo láti gba agbára ọ̀gá lẹ́yìn náà. Nítorí irú èyí ni audit_log_untrustedstring ṣe wà. Bí orúkọ bá mọ́, á fi í sáàárín àmì àyọlò. Bí àlàfo, àmì àyọlò tàbí báìtì tó ju 0x7e lọ (bíi ti lẹ́tà tó ní àmì) bá wà níbẹ̀, á sọ gbogbo rẹ̀ di hex, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi 0 sí 9 àti A sí F kọ.

Fi èdè wa dán an wò, mo bẹ̀ ọ́. Fáìlì tó ń jẹ́ Ọjà yóò jáde báyìí: name=E1BB8C6AC3A0. Kò bàjẹ́ o. Ausearch -i, àṣẹ tí a fi ń wá inú àkọsílẹ̀ audit, á kà á padà fún ọ. Àwa tá a ní àmì lórí lẹ́tà la ní orúkọ tó máa ń tètè tú àṣírí kóòdù tí kò ṣọ́ra.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo iye ìgbà tó lọ mú ọ̀rọ̀ kan náà wá lọ́dọ̀ aṣàmúlò. Ní 2016, irú àṣìṣe yìí hàn nínú kernel/auditsc.c, CVE-2016-6136 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ àléébù ààbò. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá fi execve bẹ̀rẹ̀ ètò kan, kernel á wo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pe ètò, bóyá wọ́n mọ́, á tún padà lọ mú wọn wá kó tó kọ wọ́n sílẹ̀. Kó tó padà dé, aṣàmúlò lè ti pààrọ̀ wọn. Ó dà bí alájọ tó wo orúkọ lára káàdì, tó yíjú mú bírò, tí wọ́n sì ti gbé káàdì ẹlòmíràn síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n dà á kọ, ẹ̀dà tí wọ́n yẹ̀ wò náà ni kí wọ́n sì kọ sílẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń lọ ka orúkọ lọ́dọ̀ aṣàmúlò, bi í léèrè ohun tí kò jẹ́ kó lo ẹ̀dà tí getname, function kernel tó ń da orúkọ fáìlì kọ, ti ṣe.

Wo bó ṣe ń tọrọ àyè memory náà: GFP_KERNEL lè sùn, ìyẹn kó dúró de àyè; lábẹ́ spinlock, àgádágodo tí a kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ rẹ̀, GFP_ATOMIC ni kó lò. Ìparí ìlà ni kó fi ohun tuntun sí, torí àwọn ètò tó ń kà á ti mọ bí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣe tò.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú patch yìí ni «bí ẹnikẹ́ni bá ṣí fáìlì». Fáìlì tí ẹ̀rọ ń ṣí kò lóǹkà! Àkọsílẹ̀ 64 péré ni àyè tí kernel fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń dúró de auditd, ètò tó ń kó wọn pamọ́, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Níbi tí wọ́n bá sì ti fi auditctl, àṣẹ tí a fi ń ṣètò audit, pẹ̀lú -f 2 sí, kernel á panic, ìyẹn á dá ẹ̀rọ dúró lójijì, dípò kó pàdánù àkọsílẹ̀. Sọ fún un pé kó so ó mọ́ òfin tí alámòójútó bá fi auditctl gbé kalẹ̀, kó má kàn máa kọ ọ́ fún gbogbo ayé. Kọ èsì rẹ sábẹ́ ìlà tó kàn gan-an, kó o sì dúró de ẹ̀dà kejì patch náà kó o tó fi Reviewed-by, ìlà tó ń sọ pé o ti yẹ̀ ẹ́ wò, sí i.