Ìdí tí wọ́n fi ń dá wàrà yín padà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fún wàrà yẹn ní gáà àwọn Fúlàní darandaran, síbẹ̀ ibùdó tí ilé iṣẹ́ ti ń gba wàrà n'Ísẹ́yìn dá gbogbo rẹ̀ padà fún yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ọ̀kadà kó wàrà lágbègbè yẹn, lítà 46 sì ni mo pàdánù lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ má ka ọjọ́, wákàtí ni kí ẹ máa kà. Bí wàrà bá ṣe ń jáde lọ́mú màálù, ó gbóná tó nǹkan bí 38 lórí Celsius, ibẹ̀ gan-an ló sì tu kòkòrò àìfojúrí lára. Òmíràn nínú wọn lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Màálù funfun àwọn Fúlàní wa ńkọ́? Tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀, ohun tó máa kù fún igbá kì í sábà ju lítà kan sí méjì lọ lóòjọ́. Kí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún, ẹ ti yà ní ojúlé bíi mélòó kan, ti ẹni àkọ́kọ́ sì ti ń yá oòrùn látìgbà yẹn.

Lọ́jọ́ tèmi, òjò rọ̀ mọ́jú, odò kún, mo dúró títí omi fi fà. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì tí mo ti fọ̀ ni mo so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ kí n tó dé ibùdó náà. Ọmọbìnrin tó ń yẹ wàrà wò bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó da ọtí sípíríìtì tó ṣe déédéé rẹ̀ lé e, ó mì ín, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Mo rí èérún funfun wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ahọ́n lè má tíì mọ̀ pé wàrà ti ń kan, ọtí ti mọ̀. Tí wọ́n bá gba irú rẹ̀, inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sè é nílé iṣẹ́ ló máa dì sí. Mo gbé e lọ fún ìyá kan tó ń fi wàrà ṣe wàràkàṣì tà. Ó gbé e kaná, kò tiẹ̀ dúró de ewé bomubomu tí wọ́n fi ń mú wàrà dì kó tó dì. Mo ṣì sanwó àwọn ìyá gáà, torí ẹ̀bi wọn kọ́.

Kẹ́ẹ̀gì ni mo kọ́kọ́ pa tì. Ọwọ́ kì í wọ ọrùn rẹ̀, wàrà àná tó gbẹ sí igun rẹ̀ sì ni ìwúkàrà tó ń mú tòní kan. Agolo ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí ẹ rà. Omi tútù ni kí ẹ fi ṣàn án ná, lẹ́yìn náà omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí ẹ da ojú rẹ̀ dé sóòrùn.

Ẹ ra sípíríìtì tiyín, kí ẹ dán ti ìyá kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó dà á pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá fi wàrà ìrọ̀lẹ́ àná lú tàárọ̀ lè ba ti gbogbo gáà jẹ́. Ti ìrọ̀lẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń tà á sí.

Ẹ má ju yìnyín sínú wàrà láéláé! Wàrà tó pé, láàárín 1.026 sí 1.032 ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe wúwo tó sí omi máa ń fi hàn. Omi á fà á wálẹ̀, wọ́n á sì pè yín lólè. Inú ìgò tó dé pa ni kí yìnyín wà, kí ẹ so ó mọ́ ara agolo níta, kí ẹ fi àpò tí ẹ ti rẹ sómi bò ó. Kò lè tutù dé 4 lórí Celsius bíi ti táǹkì ibùdó wọn, àmọ́ ó ń fún mi láyè.

Abẹ́rẹ́ oògùn tí wọ́n ń gún màálù ni mo bẹ̀ yín kí ẹ mú le jù. Ẹ máa bèèrè màálù tí wọ́n gún, iye ọjọ́ tí a ò gbọdọ̀ fi ta wàrà rẹ̀ wà lára ìgò oògùn. Sísè kò ní kó oògùn yẹn kúrò, ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa mu ún.

Aago mélòó lẹ máa ń kúrò ní gáà, kí lẹ sì fi ń kó o? Ẹ sọ fún mi, ká jọ wò ó.