Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 14 kọjá lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ yín o. Olúwa á fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ: pé iná ni Bàbá Ìbejì ń tún ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí àkàbà fi yẹ̀ lábẹ́ wọn, tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́, pé òní ló pé ọjọ́ kẹsàn-án, àti pé ọ̀gá wọn ní kí ẹ má kọ ìwé kankan, ọ̀rọ̀ ilé ni, àwọn á yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ibi tí mo ti ka ìyẹn ni àyà mi ti já, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn.

Ẹ kọ lẹ́tà náà. Òní ni kí ẹ kọ ọ́.

Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tọ́jú ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, iná lọ, wọ́n ní kí n tan ẹ̀rọ kíá torí àlejò ń bọ̀ láti Àbújá. Irin tó yẹ kó bo bẹ́líìtì ti jábọ́ láti bí oṣù mẹ́ta, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Apá ẹ̀wù mi ni bẹ́líìtì kọ́kọ́ gbá mú. Ìka mẹ́ta ló bá a lọ ní ọwọ́ ọ̀tún mi: ìka ìlábẹ̀, ti àárín àti ti òrùka. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé ẹ̀rọ yẹn kò dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ mi wà lára ẹ̀, ó sì ń dún bó ṣe máa ń dún lójoojúmọ́.

Ọkọ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n fi gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀gá mi wá kí mi tòun ti ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní ọmọ òun ni mo jẹ́, pé tí mo bá kọ ìwé, wọn á fún òun ní kúẹ́rì láti òkè. Mo gbà. Èèyàn dáadáa ni, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá kó bá a. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó gbapò ẹ̀ ṣí fáìlì mi, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wojú mi, ó ní: "Ìgbà wo lo fara pa? Ta ló rí ọ?"

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn rèé. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act, ìyẹn òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, Ààrẹ Goodluck Jonathan ló buwọ́ lù ú ní December 2010. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú ẹ̀, ti aládàáni wà nínú ẹ̀. Àwọn ológun ni òfin náà yọ sílẹ̀. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àpò owó irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sínú àpò náà, ó kéré tán náírà kan nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú ẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Nítorí náà, tí ẹ bá béèrè owó gbà-má-bínú, àpò ọ̀gá kọ́ ló ti ń jáde. Ẹ̀tọ́ Bàbá Ìbejì ni.

Àmọ́ òfin náà ní ọjọ́. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí pé òun fara pa. Ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi béèrè owó, tí Bàbá Ìbejì á fọwọ́ sí fúnra wọn, kò gbọdọ̀ kọjá ọdún kan sí ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló kù fún yín. Lẹ́tà náà kò le: orúkọ wọn, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é ní méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ọjọ́ hàn lára ẹ̀ dáadáa. Tí ọ̀gá bá kọ̀ ọ́, ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba lẹ́tà wọlé ní ọ́fíìsì náà, kí ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ohun tó yọ èmi ni pé òfin kò tilẹ̀kùn pátápátá bó bá hàn pé agbanisíṣẹ́ mọ̀ nípa ìjàǹbá náà, bí òṣìṣẹ́ kò tilẹ̀ kọ̀wé. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe fi hàn? Bàbá awakọ̀ tó gbé mi lọjọ́ náà ló rántí. Gbogbo ìrìnnà ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ńlá kan. Ó wé e sínú láílọ́ọ̀nù, ó gbé e wá sílé mi lálẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò búlúù: ọjọ́, aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, "ilé ìwòsàn, jẹnẹrétọ̀ gé e lọ́wọ́," ọ̀gá awakọ̀ sì buwọ́ lù ú. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ni mo fi jà. Oṣù kẹwàá lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni fọ́ọ̀mù mi tó wọlé.

Ìwé dókítà náà fi ojú mi rí nǹkan. Èyí tí mo kọ́kọ́ mú lọ kò ju ìlà méjì lọ, pé wọ́n tọ́jú mi, mo sì ti lọ sílé. Ìyẹn kò sọ ohun tí ọwọ́ mi ò lè ṣe mọ́. Mo padà. Dókítà tó jókòó lọ́jọ́ yẹn ní kí n de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi níṣojú òun. Ó wò mí títí mo fi de mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀, òógùn bò mí. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ síwèé, iye tí mo pàdánù nínú ọgọ́rùn-ún agbára ọwọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí dókítà Bàbá Ìbejì kọ bóyá wọ́n lè gun àkàbà mọ́, bóyá wọ́n lè dúró pẹ́. Kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ojúlówó.

Àwọn àgbà ọ́fíìsì á sọ fún yín pé owó ẹ̀ẹ̀kan ni. Òfin àtijọ́ nìyẹn, ti 2010 ti pa á rẹ́. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n á máa san fún un lóṣooṣù. Ẹni tí àbùkù kù sí lára ṣùgbọ́n tó ṣì lè ṣe nǹkan, wọ́n á ṣírò iye tí àbùkù náà máa dín kù nínú owó tó ń wọlé fún un, wọ́n á sì san ìdá 90 ìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìsinmi ọdọọdún Bàbá Ìbejì dí ọjọ́ tí wọ́n fi wà lórí ibùsùn. Ìlànà iṣẹ́ ọba sọ pé ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ á máa gba owó oṣù ẹ̀ pé títí ara ẹ̀ á fi yá, tàbí títí wọ́n á fi ní kó fẹ̀yìn tì nítorí àìlera. Bí wọ́n bá wá dá ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì sílẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 gbà kí ẹni tí àìlera lé kúrò níṣẹ́ kan owó tó ti ń kó jọ, ṣùgbọ́n òógùn ara ẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe owó gbà-má-bínú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkan dípò ìkejì fún yín. Tí wọ́n bá sì gbé ìwé wá pé kí Bàbá Ìbejì fọwọ́ sí i pé àwọn ò béèrè nǹkan kan, ẹ má fọwọ́ sí i. Òfin kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí.

Àkàbà yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Ẹ bẹ ẹnìkan kó yà á ní fọ́tò lónìí. Tèmi kò ju ọjọ́ kẹta lọ tí wọ́n ti fi irin tuntun bo bẹ́líìtì.