Kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù, ẹ ka ọjọ́ tí ẹ lò ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti UK wá tọ́jú Màmá ní Ìbarà láàárín ọdún márùn-ún, ẹ̀rù sì ń bà yín pé ọjọ́ yẹn ti pọ̀ jù láti béèrè ìwé ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fara balẹ̀. Àpapọ̀ ọjọ́ kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró, ọjọ́ kan ṣoṣo ni.

Ká kọ́kọ́ mú ti àpapọ̀ kúrò nílẹ̀. Láàárín ọdún 5 tó ṣáájú ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù dé ọwọ́ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń fúnni ní ìwé ọmọ ìlú, ẹ kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 450 lọ lẹ́yìn odi UK. Nínú oṣù 12 tó gbẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ ju 90 lọ. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 ni wọ́n ń wò fún un, pẹ̀lú ọjọ́ 270. Ọjọ́ tí ẹ gbéra àti ọjọ́ tí ẹ padà wọlé kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tó kúrò ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2021, tó padà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ọjọ́ 31 ni wọ́n máa kà sí i lọ́rùn, kì í ṣe 33.

Bí ti ọdún 5 bá fi díẹ̀ lé, tí kò kọjá 480, tàbí 100 nínú ọdún tó gbẹ̀yìn, wọ́n sábà máa ń gbójú fò ó bí nǹkan yòókù bá pé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní láti fi hàn pé ilé, iṣẹ́, ìdílé àti owó yín ti fìdí múlẹ̀ ní UK lọ́hùn-ún, kí ẹ sì ní ìdí pàtàkì. "Mò ń kọ́lé sí Ọbańtokò" kì í ṣe ìdí o.

Pàkúté gan-an nìyí: ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ UK lọ́jọ́ tí ọdún 5 náà bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹni tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lókè yẹn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2026, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2021 ni wọ́n máa wò. Níbo ló wà lọ́jọ́ yẹn? Ìsìnkú ní Kútọ̀! Ọjọ́ 31 péré ló lò, síbẹ̀ wọ́n lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù tó ju £1,500 lọ sì wọgbó nìyẹn, owó ayẹyẹ ìbúra nìkan ni wọ́n máa ń dá padà. Lóòótọ́, láti 2022 òfin ti fún wọn láyè láti ṣàánú bí ọ̀rọ̀ bá ṣe àrà ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi owó yẹn ta tẹ́tẹ́ àánú? Kó ní sùúrù di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 2026. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2021 ni wọ́n á wá wò, ó sì ti padà dé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún ọjọ́ síwájú, ẹ tún 450 àti 90 kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí ńkọ́? Àwọn tó ń tẹ òǹtẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ilé wa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa eṣinṣin, ìdajì rẹ̀ kì í hàn. Nítorí náà, ẹ má sọ pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ nù. Bó bá wà nínú àpótí Màmá, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kí ikán tó dé ibẹ̀. Ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nínú ímeèlì yín. Ẹ tún lè ní kí Home Office fi àkọsílẹ̀ ìrìn àjò yín tó wà lọ́wọ́ wọn ránṣẹ́: ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni òfin sì fún wọn.

Àwọn alágbàtà á ní kí ẹ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní Abẹ́òkúta South. Wọn kò béèrè rẹ̀ fún fọ́ọ̀mù yìí, ẹ fi owó yín sápò. Orúkọ ni kí ẹ tètè tún ṣe: ìyàwó tí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ lọ́hùn-ún, wọn ò ní fún un ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì títí orúkọ méjèèjì á fi bára mu.

Ìdánwò Life in the UK, ìyẹn ìbéèrè lórí ìtàn àti ìgbé ayé UK, ẹ kàwé, ẹ ó yege. Ẹ kò sì ní pàdánù ti ilé: ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Nàìjíríà lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì, ó wà ní abala 28 ìwé òfin 1999.

Ẹ kọ ọjọ́ ìlọ àti àbọ̀ ìrìn àjò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, ká bá yín kà á.